Ìwé oríṣiríṣi fún ẹni tó ń fẹ́ mọ̀ sí i: kí la máa kó sórí pẹpẹ wa?

Ọmọ_Mọ́kọlá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àdúgbò wa ní Ìbàdàn ti yọ̀ǹda yàrá kan fún wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ká fi ṣe ilé ìkàwé kékeré. Káfíńtà ti kan pẹpẹ kan láti ògiri dé ògiri. Ìwé ló kù.

Àwọn tó ń gba ojúde yẹn kọjá ò jọra. Àwọn ọmọ iṣẹ́ télọ̀ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì wà níbẹ̀, ìyá tó ń ta gààrì ń bẹ, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè náà ń bẹ. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ wa ní ká kó ìwé ìdánwò WAEC nìkan síbẹ̀, pé òun làwọn òbí máa rí tí inú wọn á dùn. Mi ò fara mọ́ ọn. Ọmọ tó wá torí ìdánwò, tí ìdánwò bá ti parí, ó parí náà nìyẹn. Ìwé tí èèyàn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun ń wá ni mo fẹ́ kó bá pàdé níbẹ̀.

Owó wa ò pọ̀. Ìwé wo lẹ máa kọ́kọ́ rà tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn dárúkọ lásán, ẹ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wa. Ìtàn àròsọ Fágúnwà márààrún ti wà nílẹ̀.

Tíṣà_Ọ̀yọ́

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, Ọmọ Mọ́kọlá. Ẹ wá *Àjà Ló Lẹrù* tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969, kí ẹ wá *Àgbàlagbà Akàn* tó tẹ̀ lé e ní 1971. Lápàdé tó ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí ló ń tọpa àwọn ọ̀daràn, Tàfá sì ń bá a rìn. Ọmọ tó bá ní ìwé Yorùbá ò wọ òun lára, ìwé yìí ni kẹ́ ẹ fi lé e lọ́wọ́. Òkédìjí kì í fi àlàyé dínà. Èèyàn méjì á máa bá ara wọn jiyàn, ọ̀rọ̀ á máa bọ́ lẹ́nu wọn bí ẹní wà ní gáréèjì, kó o tó mọ̀, o ti kó sí ọ̀ràn wọn. Mo ti kà á sókè fún kíláàsì tí wọn ò fẹ́ gbọ́ Yorùbá sétí rárá, aago lù, wọn ò jẹ́ kí n gbé ìwé náà kalẹ̀.

Ohun kejì tí mo fẹ́ sọ ló ká mi lára jù. Ẹ má to ìwé yín bí wọ́n ṣe ń to ti ọjà. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ jókòó pọ̀. Ẹ mú Ìyálóde Ẹfúnṣetán ti Ìbàdàn yín níbẹ̀. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ eré *Ẹfúnṣetán Aníwúrà*, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1970. Nínú eré yẹn, òǹrorò paraku ni obìnrin náà, ikú ọmọ kan ṣoṣo tó bí ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, nígbà tí Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, sì borí rẹ̀ tán, májèlé ló gbé jẹ.

Ẹ wá ṣí *The History of the Yorubas* tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ. Ọ̀rọ̀ yí padà. Ọdún 1874 ni Látòósà rọ̀ ọ́ lóyè, ẹ̀sùn mẹ́ta ló sì kà sí i lọ́rùn: pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi ìpèsè ránṣẹ́ nígbà tí ogun ń lọ, àti pé kò fúnra rẹ̀ jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi ìlú láti kí òun káàbọ̀. Kò sí májèlé. Àwọn ẹrú rẹ̀ tí wọ́n ti bẹ̀ lọ́wẹ̀ ló gba òkè àjà sọ̀ kalẹ̀ sí i lóru, tí wọ́n pa á. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ tún gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò nínú *Nigerian Women in Historical Perspective* tó jáde ní 1992. Lójú tirẹ̀, olóṣèlú ni Ẹfúnṣetán, oníṣòwò ńlá tó tako ìlànà ogun Látòósà, tí wọ́n sì torí ẹ̀ yọ lẹ́nu.

Obìnrin kan, ìtàn mẹ́ta. Ẹni tó bá ka ọ̀kan, á fẹ́ mọ ìdí tí èkejì ò fi bá a dọ́gba. Ibi tí mo ń lọ nìyẹn.

Ìyá_Ìbejì_Fẹ̀lẹ́lẹ̀

Tíṣà, ọ̀rọ̀ yín dára, àmọ́ ìyá tó ń ta gààrì ò ní jókòó ti Johnson. Ìwé náà nípọn, òyìnbó inú rẹ̀ sì jẹ́ ti ayé ọjọ́un. Ẹ jẹ́ ká rántí ẹni tó ní ìṣẹ́jú díẹ̀ péré láàárín oníbàárà kan sí òmíràn.

Àtọ́ka ni màá wá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin àgbà máa rántí: ìwé ìròyìn tí wọ́n ń fi fọ́tò ṣe eré, àwọn òṣèré tíátà wa gan-an ló wà nínú fọ́tò, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn á sì wà nínú róbótó funfun lókè orí wọn. Ìparí àwọn ọdún 1960 ló bẹ̀rẹ̀. Èèyàn tí ò parí ìwé mẹ́fà lè kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ṣì ń bọ́ sọ́wọ́ èèyàn nínú páálí ìwé àtijọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ á ti ya.

Ẹ tún wá *Kúyè* tí J. F. Ọdúnjọ kọ ní 1964. Ọmọ tí ò gbọ́ràn, tí ò sì lè sọ̀rọ̀ ni Kúyè, ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ àti ìrìn rẹ̀ nínú igbó ni ìwé náà dá lé. Mo kà á fún àwọn ọmọ mi lálẹ́, àwọn náà ló ń rán mi létí ibi tí mo dé.

Ọ̀kan ṣì kù tí mo fẹ́ràn gidi. Láàárín 1929 sí 1930, ìwé ìròyìn *Akéde Èkó* tí I. B. Thomas ń ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Ó ní òun ti fi ayé òun ṣòfò lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin l'Ékòó, pé àìsàn ti dá òun gúnlẹ̀, pé kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin fi òun kọ́gbọ́n. Àwọn òǹkàwé gbà pé obìnrin gidi ló ń kọ ọ́. Thomas fúnra rẹ̀ ni! Karin Barber tún ìwé náà tẹ̀ jáde ní 2012, ó kó Yorùbá rẹ̀ àti ìtumọ̀ rẹ̀ sínú ìwé kan náà. Tí ọmọ iṣẹ́ télọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ ò ní rí i kó ran aṣọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ti ẹni tó tún un tẹ̀ yẹn wọ́n o, kí n má tàn yín.

Bàbá_Ìtàwé

Ẹ kú ìjókòó gbogbo yín. Iṣẹ́ ìwé àlòkù ni mo ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń dárúkọ wọ̀nyí fi ṣọ̀wọ́n. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn ò fẹ́ ẹ. Ilé iṣẹ́ atẹ̀wé máa ń tún ìwé Yorùbá tẹ̀ nígbà tó bá wọ sílábọ́ọ̀sì. Ọdún tí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, ẹ̀rọ dúró nìyẹn, ẹ̀dà tó wà nígboro la ó máa pín mọ́ ara wa lọ́wọ́. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè ní ọ́fíìsì àwọn atẹ̀wé ní Jẹ́ríkò, nígbà míì wọ́n ní páálí tí ẹnikẹ́ni ò ṣí. Ibi tẹ́ ẹ bá ti kùnà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ tó wá sọ́dọ̀ irú wa.

Tẹ́ ẹ bá ń ra ìwé àtijọ́, ẹ má ṣí i gbàgà láàárín. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi di ìwé àwọn ọdún 1970 ti gbẹ, tẹ́ ẹ bá ṣí i bẹ́ẹ̀, á dún páá, ojú ewé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Ẹ ti ìwájú ṣí i díẹ̀, ẹ ti ẹ̀yìn ṣí i díẹ̀, kẹ́ ẹ tó dé àárín. Ẹ wá ka nọ́ńbà ojú ewé. Ìwé tí wọ́n fi òwú rán, ìdì-ìdì ni ojú ewé rẹ̀, mẹ́rìndínlógún sábà máa ń wà nínú ìdì kan, torí bébà ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n ká pọ̀. Tí ìdì kan bá já, mẹ́rìndínlógún lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó ń tà á fún yín sì lè má mọ̀. Mo ti rí i tí àdììtú inú ìtàn jẹ́ kìkì pé orí tí wọ́n ti tú u ti já sọnù.

Ẹ rọra gbá ìwé náà lórí tábìlì. Tí ìyẹ̀fun rírọ̀ bá dà sílẹ̀, kòkòrò wà nínú rẹ̀, ẹ má gbé e wọ yàrá yín. Tó bá jẹ́ ìwé tẹ́ ẹ ò lè fi sílẹ̀, ẹ fi nálọ́n wé e pinpin, ẹ gbé e sínú fírísà fún ọ̀sẹ̀ méjì, tíná bá gbà yín láyè. Pẹpẹ tó gùn dé ògiri yẹn náà, ẹ ní kí káfíńtà fà á kúrò lára ògiri díẹ̀. Ògiri ni ikán ń gbà, ibẹ̀ náà ni ọ̀rinrin ń gbà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra fọ́tòkọ́pì tí wọ́n dì bí ìwé. Àwọn ọmọ ẹni tó kọ ìwé náà ṣì wà láyé.

Àjàkẹ́_London

Bàbá, ẹ ṣeun. Johnson ní tirẹ̀ ti pẹ́ kọjá àkókò tí ẹnikẹ́ni ń gba owó lórí rẹ̀, ẹ lè wà á jáde lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Internet Archive, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ dì í. Tẹ́ ẹ bá dì í tán, ẹ kọ ìtàn bí ìwé náà ṣe dé ọwọ́ wa sínú èèpo rẹ̀, torí ìtàn yẹn nìkan tó ohun tí ọmọdé ń torí ẹ̀ ṣí ìwé.

Àlùfáà Johnson parí rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1897, ó sì fi ránṣẹ́ sí England kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó sọnù síbẹ̀. Àlùfáà náà kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, ó tún ìwé náà kọ. Nígbà tí wọ́n tún fi ránṣẹ́ ní 1916, ọkọ̀ òkun *Appam* tó gbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì lójú ogun, wọ́n wà á gba Amẹ́ríkà lọ. Ìwé náà padà dé ọwọ́ àwọn atẹ̀wé, bébà tún wọ́n nítorí ogun. 1921 ló tó jáde, Dókítà náà ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, kò sẹ́ni tó rí ìwé náà dì mú nínú wọn.

Èmi máa fi atúmọ̀ èdè kan kún un, *Dictionary of Modern Yoruba* tí R. C. Abraham ṣe ní 1958. Ẹ má wò ó bí ìwé tí èèyàn ń wá ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ kó pa á dé. Àwòrán wà níbẹ̀, orúkọ ẹyẹ àti igi wà níbẹ̀. Ẹ ṣí i níbi tó bá wù yín, ẹ máa bá oríkì pàdé, ẹ máa bá àṣà ìsìnkú pàdé, ẹ máa bá owó ẹyọ àti bí wọ́n ṣe ń kà á pàdé. *Yoruba Proverbs* tí Oyèékàn Owómóyèlà kó jọ ní 2005 náà tún wà, òwe inú rẹ̀ ju 5,000 lọ.

Ará_Bàhíà

Ẹ kú àsìkò yìí láti Salvador. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, mo ní kí n mú tòkè òkun wá.

Pierre Verger, ayàwòrán ọmọ Faransé, dé Bàhíà níbí ní 1946. Ó ń lọ ó ń bọ̀ láàárín Brazil àti ilẹ̀ Yorùbá fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó di babaláwo, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí. Ní 1995, ọdún kan kó tó kú, *Ewé* jáde. Ìwé náà tóbi. Bí wọ́n ṣe to ojú ewé rẹ̀ ló mú kí n máa padà sí i: orúkọ ewé ní Yorùbá, orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é ní èdè Látìn, ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, àti ọfọ̀ tí wọ́n ń pè sí i, Yorùbá ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìtumọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìyá tó ń ta gààrì tí Ìyá Ìbejì ń rò, bí ojú ìwé kan bá ṣí sí rinrin tàbí efinrin, ó ní ohun tó máa sọ nípa rẹ̀, bóyá ó tilẹ̀ máa tún nǹkan ṣe nínú ohun tí Verger kọ.

Ti Cuba náà wà. Lydia Cabrera tẹ *Anagó* jáde ní Havana ní 1957, ọ̀rọ̀ Lukumí, ìyẹn Yorùbá tó kù lẹ́nu àwọn ará Cuba, ló kó jọ láti ẹnu àwọn àgbà ibẹ̀. Èdè Sípéènì ni wọ́n fi ṣàlàyé, àmọ́ ẹ fún ọmọ Mọ́kọlá, ẹ ní kó máa kà á sókè, kó wá sọ iye ọ̀rọ̀ tí etí rẹ̀ mú. Mo ti rí i bí ojú èèyàn ṣe ń mọ́ kedere nígbà tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ lẹ́nu ará Cuba.

Arákùnrin_Òtítọ́

Ẹ máa bínú o, ẹ̀yin àgbà. Ọfọ̀, Ifá, babaláwo, ṣé ohun tó yẹ ká gbé sí iwájú àwọn ọmọ ìjọ nìyẹn? Àwọn òbí á sọ pé ẹ fẹ́ mú ọmọ àwọn wọ ìbọ̀rìṣà. Ẹ ronú sí i.

Tíṣà_Ọ̀yọ́

Àbúrò, ìbéèrè tó yẹ ni, mi ò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àmọ́ ẹ wo àwọn tó kọ́kọ́ fi Ifá sínú ìwé. Àjíhìnrere ìjọ Áńgílíkà ni E. M. Líjàdù ní Oǹdó. Ó tẹ *Ifá* jáde ní 1898, ó tẹ *Ọ̀rúnmìlà* jáde ní 1908. Kò fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ẹni tó fẹ́ wàásù fún àwọn èèyàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n mọ̀. Johnson náà, àlùfáà ni, ó sì kọ nípa Ifá àti òrìṣà sínú ìwé rẹ̀.

*Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá* tí Wándé Abímbọ́lá tẹ̀ ní 1968 yẹ kó wà níbẹ̀ nítorí èdè rẹ̀ àti ìtàn inú rẹ̀. Bíbélì tí iṣẹ́ Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí sí ní 1884 yẹ kó wà nítòsí rẹ̀, Àlùkùránì tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá náà pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ ka ọ̀kan kò pọn dandan kó ka èkejì. Àmọ́ kò yẹ kí àwa tó ń to pẹpẹ pinnu fún un kó tó dé.

Arákùnrin_Òtítọ́

Mi ò gbọ́ ti Líjàdù rí. Màá wá a. Mo ṣì rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ ṣáájú, kó má di wàhálà.

Ọmọ_Ìkòyí

Kí ẹ tó lọ, àwọn oríkì! *Àwọn Oríkì Orílẹ̀* tí Adébóyè Babalọlá tẹ̀ ní 1967. Ẹni tó bá wọlé, ẹ bi í pé ọmọ níbo ni, kẹ́ ẹ ṣí oríkì orílẹ̀ rẹ̀ fún un. Kò sí ẹni tí kì í jókòó.

Ẹnjinnía_Agége

Ẹ dákun, mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo gbádùn ẹ̀, ṣùgbọ́n ṣé ọ̀rọ̀ Yorùbá nìkan lèèyàn ń fẹ́ mọ̀ ni? Ọmọ tó fẹ́ mọ ìdí tí ẹ́ńjìnnì fi ń gbóná ńkọ́? Mo dàgbà láàárín mẹkáníìkì, ìwé tó sọ mí di ohun tí mo dà ni ìwé Haynes. Ilé iṣẹ́ yẹn máa ń tú ọkọ̀ kan palẹ̀, wọ́n á tún un tò, wọ́n á ya àwòrán gbogbo ìgbésẹ̀, wọ́n á wá fi ṣe ìwé fún irú ọkọ̀ yẹn. Ẹ wá ti Toyota tó wọ́pọ̀ ní títì wa. Á kún fún gíríìsì láàárín oṣù mélòó kan, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà.

Èkejì ni *Where There Is No Doctor* tí David Werner kọ. Abúlé orí òkè ní Mẹ́síkò ló ti bẹ̀rẹ̀, èdè Sípéènì ló kọ́kọ́ fi kọ ọ́, ti Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1977. Bí èèyàn ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, bí ẹ ṣe ń mọ̀ pé ọgbẹ́ ti ń kẹ̀, ìgbà wo lẹ gbọ́dọ̀ fi ìtọ́jú ilé sílẹ̀ kẹ́ ẹ sáré lọ ọsibítù, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwòrán. Ilé iṣẹ́ Hesperian tó ń tẹ̀ ẹ́ fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá Ìtàwé, èyí ò ní bí yín nínú, àwọn fúnra wọn ló fẹ́ kó tàn ká.

Máàpù ayé ńlá kan náà. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri tí káfíńtà bá ti fa pẹpẹ kúrò.

Ìyá_Ìbejì_Fẹ̀lẹ́lẹ̀

Ẹnjinnía, ẹ ti sọ ohun tó sá mọ́ gbogbo wa lójú. Ẹ jẹ́ kí ìwé Haynes jókòó ti Òkédìjí. Ọmọ tó wá torí kábúrétọ̀ lè bá Lápàdé pàdé.

Ọmọ_Mọ́kọlá

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ìgbìmọ̀ wa lálẹ́ àná. Ohun tá a fẹnu kò sí rèé. Ẹfúnṣetán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa wà pọ̀ láàárín pẹpẹ gan-an, níbi tí ojú ti máa kọ́kọ́ balẹ̀. Johnson, a ti wà á jáde, a máa tẹ̀ ẹ́, ìtàn tí Àjàkẹ́ sọ sì máa wà nínú èèpo rẹ̀. A máa bá àwọn òbí ṣèpàdé lọ́jọ́ Àìkú bí Arákùnrin Òtítọ́ ṣe wí, ìwé Líjàdù àti ti Abímbọ́lá á wà lórí tábìlì kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Bàbá rélùwéè ti yọ̀ǹda láti máa ka oríkì sókè nírọ̀lẹ́ Jímọ̀. Àwọn tó fẹ́ ìwé WAEC ò lọ lọ́wọ́ òfo, wọ́n ní ìsàlẹ̀ pátápátá.

Verger àti *Sẹ̀gilọlá* kọjá agbára wa báyìí. Tí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀dà tí kò lò mọ́, ẹ fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Bàbá Ìtàwé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní *Rẹ́rẹ́ Rún*, eré tí Òkédìjí kọ? Àwọn ọmọ iṣẹ́ télọ̀ ń bá ọ̀gá wọn fa ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́, mo rò pé Láwúwo àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ á bá wọn lára mu.

Bàbá_Ìtàwé

Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi. Èèpo ẹ̀yìn ti lọ, ṣùgbọ́n mo ti ka ojú ewé rẹ̀, ó pé. Màá fi pamọ́ dè yín di Sátidé. Ẹ mú nálọ́n wá, òjò ti ń rọ̀.